Hísítìrì nínú ìdánwò JAMB: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Àbújá

Ojú ewé yìí wà fún òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Kubwa, Nyanya, Lugbe, Bwari, Gwagwalada àti àyíká wọn, tí wọ́n ń rò ó bóyá kí wọ́n mú Hísítìrì mọ́ iṣẹ́ (subject) tí wọn yóò fi wọ yunifásítì. Ìbéèrè tó bá ti ọ̀dọ̀ òbí wá, “ẹ” la fi dáhùn rẹ̀. Èyí tó bá ti ọ̀dọ̀ ọmọ wá, “ìwọ” la bá wí.

Ọmọ mi fẹ́ràn ìtàn gan-an. Ṣé kó kúkú mú Hísítìrì?

Ẹ ní kó dúró ná. Ìfẹ́ kọ́ ló ń yan iṣẹ́ nínú JAMB, kọ́ọ̀sì tí ọmọ fẹ́ lọ kà ni. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ọ̀ranyàn ni Use of English, kọ́ọ̀sì ló sì ń pinnu mẹ́ta tó kù. Bó bá jẹ́ History and International Studies ló fẹ́ kà, àyè Hísítìrì wà níbẹ̀ gbọingbọin. Bó bá jẹ́ Law, ilé ìwé púpọ̀ ń gba iṣẹ́ Arts tàbí Social Science mẹ́ta, ṣùgbọ́n àwọn kan fi dandan lé e pé Literature gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ Accounting tàbí Economics, kí ọmọ fi Hísítìrì sílẹ̀. Ìṣirò àti Economics ni wọ́n ń wá níbẹ̀.

Ibi tí ẹ ó ti rí i dájú ni IBASS, ojú òpó tí JAMB kó gbogbo ilé ìwé, kọ́ọ̀sì àti sílábọ́ọ̀sì sí. Ẹ wo ohun tí ilé ìwé àkọ́kọ́ ń fẹ́, kí ẹ tún wo ti èkejì. Ọ̀pọ̀ òbí ń wo Yunifásítì Àbújá nìkan, wọn a wá fi Zaria, Keffi tàbí Ìbàdàn ṣe èkejì láìwò ó. Ọmọ lè gba 280 kí ilé ìwé má sì gbà á nítorí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò bá kọ́ọ̀sì mu. JAMB máa ń fàyè sílẹ̀ kí èèyàn sanwó pààrọ̀ kọ́ọ̀sì tàbí ilé ìwé lẹ́yìn ìdánwò, àmọ́ iṣẹ́ tí ọmọ ti jókòó ṣe tán, kò sẹ́ni tó lè pààrọ̀ rẹ̀.

Èwo ni kí n mú nínú Government àti Hísítìrì?

Bí kọ́ọ̀sì rẹ bá gba méjèèjì, o lè mú méjèèjì pọ̀. Wọ́n pín ohun kan náà láàárín ara wọn: àwọn ìwé òfin ìjọba àmúnisìn láti 1922, ìjà fún òmìnira, ìjọba ológun, ìdásílẹ̀ ìpínlẹ̀. Ohun tí o bá kà fún ọ̀kan yóò ṣiṣẹ́ fún èkejì. Ibi tí wọ́n ti yà ni pé Government ń bèèrè èròǹgbà, bíi irú ìjọba àti iṣẹ́ ẹ̀ka ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Hísítìrì ní tirẹ̀ ń padà sẹ́yìn ju 1800 lọ, ó sì ń jáde kúrò ní Nàìjíríà lọ sí Íjíbítì, Sudan àti Gúúsù Áfíríkà.

Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré lo lè mú, bi ara rẹ bóyá o lè dá kàwé. Ọ̀pọ̀ ilé lẹ́sìn (lesson) ní Àbújá ló ní olùkọ́ Government. Olùkọ́ Hísítìrì kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ iṣẹ́ yìí kúrò nínú ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò sì pàdé rẹ̀ rí ní kíláàsì. Ẹni tí kò lè dá jókòó ti ìwé fún wákàtí kan, kó mú Government.

Ọmọ mi kò ṣe Hísítìrì ní WAEC. Ṣé ó lè ṣe é ní JAMB?

JAMB kò ní dí i lọ́wọ́. Ilé ìwé ló lè dí i, torí àwọn ni wọ́n ń wo kírédíìtì márùn-ún. Ilé ìwé púpọ̀ ń gba Government dípò Hísítìrì nínú èsì WAEC tàbí NECO, ṣùgbọ́n ẹ kà á lójú IBASS kí ẹ tó sanwó. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù.

Báwo ni ìdánwò náà ṣe rí?

Lórí kọ̀ǹpútà ni. Use of English ní ìbéèrè 60, iṣẹ́ mẹ́ta tó kù ní 40 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí méjì sì ni wọ́n fún yín. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn mẹ́rin, A sí D. Orí 100 ni wọ́n ń wọn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, 400 ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀nà márùn-ún ni sílábọ́ọ̀sì Hísítìrì pín sí. A: ilẹ̀ Nàìjíríà títí di 1800. B: 1800 sí 1900. C: ìjọba àmúnisìn, 1900 sí 1960. D: Nàìjíríà láti ìgbà òmìnira. E: Áfíríkà àti àgbáyé láti 1800. Tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Ọmọ tó ń ka ìwé ńlá láìní sílábọ́ọ̀sì lọ́wọ́ yóò fi oṣù kan ka ohun tí wọn kò ní bi í.

Apá wo ló máa ń ṣẹ́ ọmọ Yorùbá lọ́wọ́ jù?

Ẹ lè rò pé ti Borno ni tàbí ti Jukun. Rárá. Ibi tí ọmọ Yorùbá ti ń kùnà jù ni ibi tó rò pé òun mọ̀ látilé.

Ìtàn ilé ní iṣẹ́ tirẹ̀, ìdánwò náà ní tirẹ̀. Ẹ mú Ogun Kírìjì. Nílé Ìbàdàn, ọmọ ti gbọ́ ẹni tó ṣẹ́gun. Nílé Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ó ti gbọ́ òmíràn. JAMB kò bèèrè ìyẹn. Ohun tó ń bèèrè ni àwọn tó dojú kọ ara wọn (Ìbàdàn níhà kan, Èkìtìparapọ̀ níhà kejì), ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó parí (1877 sí 1893), àdéhùn àlàáfíà 1886, àti ìdí ogun: bí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ṣe ń ni àwọn ìlú abẹ́ wọn lára. Ọmọ tó bá ń wá ajagunṣẹ́gun nínú ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò mú èyí tí kò yẹ.

Ìlọrin tún le ju ìyẹn lọ, pàápàá fún ọmọ tó dàgbà níhìn-ín. Nílé, wọ́n ní Fúlàní ló gba ìlú lọ́wọ́ wa. Níléèwé tàbí lọ́dọ̀ aládùúgbò, ó lè gbọ́ ọ bí ẹni pé jìhádì kan gbéra láti Sókótó, kò sì dúró títí tó fi dé Ìlọrin. Nínú ìdánwò, Ọ̀yọ́ ni ìdáhùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin Aólẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ké sí Àlímì, àlùfáà Fúlàní, kó wá ran òun lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó kó jọ yíjú sí i. Bí ìbéèrè bá wá béèrè ohun tó bi Ọ̀yọ́ àtijọ́ ṣubú, ìjà abẹ́lé láàárín Aláàfin àti àwọn ìjòyè ló máa ń ṣáájú, kì í ṣe ẹṣin àwọn ará Àríwá.

Lẹ́yìn èyí, apá E ni ọ̀pọ̀ máa ń fi sílẹ̀ di ìparí, àkókò kì í sì í tó wọn mọ́. Muhammad Ali ní Íjíbítì (1805 sí 1848), Mahdi tó gba Khartoum ní Sudan ní January 1885, Mfecane (ìrúkèrúdò ogun ní Gúúsù Áfíríkà), ìrìnàjò ńlá àwọn Boer (àwọn òyìnbó àgbẹ̀ níbẹ̀), Adowa ní 1896 níbi tí Ethiopia ti lu Ítálì, apartheid (òfin ìyapa ẹ̀yà ní Gúúsù Áfíríkà) láti 1948 sí 1994: orí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò pọ̀, ìbéèrè wọn sì máa ń ṣe tààrà. Máàkì tó rọrùn ni wọ́n, ẹni tó bá dé ibẹ̀ ló ń kó o.

Ọdún mélòó ni kí n há sórí?

Kò tó bí o ṣe rò. Nǹkan bí 40 ti tó, bí o bá so wọ́n pọ̀ mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. Kọ ọdún sí apá kan bébà, kọ “kí ló fà á, kí ló tẹ̀lé e” sí apá kejì. Ọdún tí kò ní ìdí lẹ́yìn kì í dúró lórí.

Bẹ̀rẹ̀ láti 1804, jìhádì Usman dan Fodio. 1851, Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó. 1861, wọ́n gbà á pátápátá. 1884 sí 1885, ìpàdé Berlin. 1886, ilé iṣẹ́ Royal Niger Company gba ìwé àṣẹ. 1897, wọ́n kọlu Benin. 1 January 1900, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà. 1903, Kano àti Sókótó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. 1906, wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù. 1914, wọ́n da Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá. Wo 1906 àti 1914 yìí dáadáa. Àwọn tó ń ṣètò ìbéèrè mọ̀ pé ọmọ máa ń gbé ọ̀kan fún èkejì. Bákan náà ni 1886, tó ní nǹkan méjì nínú: ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ náà àti àdéhùn Kírìjì.

Àwọn ìwé òfin (constitution) ló yẹ kí o lo ọjọ́ púpọ̀ lé lórí. Orúkọ aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Clifford, 1922: ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fàyè sílẹ̀ fún ìdìbò, ìjókòó mẹ́ta fún Èkó, ọ̀kan fún Calabar. Richards, 1946: ẹkùn mẹ́ta, ilé ìgbìmọ̀ fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kò bi aráàlú léèrè kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀. Macpherson, 1951: wọ́n bi aráàlú léèrè tó, títí kan àpérò gbogbogbòò ní Ìbàdàn ní 1950. Lyttelton, 1954: ìjọba àpapọ̀ tòótọ́, wọ́n sì yọ Èkó kúrò lábẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Richards àti Macpherson, ọ̀rọ̀ “ta ni wọ́n bi léèrè” ni. Bí o bá di ìyẹn mú, o kò ní ṣì wọ́n mú mọ́.

Fún ìpínlẹ̀: 12 ní 1967, 19 ní 1976, 21 ní 1987, 30 ní 1991, 36 ní 1996. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní olórí tó dá a sílẹ̀: Gowon, Murtala, Babangida lẹ́ẹ̀mejì, Abacha.

Àǹfààní wo ló wà nínú gbígbé Àbújá fún ẹni tó ń ka Hísítìrì?

Ó pọ̀, àwọn ọmọ Èkó kò sì ní i. Sílábọ́ọ̀sì yí yín ká. Suleja tí ọkọ̀ ń gbà kọjá lọ sí Kaduna, òun gan-an ni Abuja àtijọ́. Àwọn ọba Zazzau tí jìhádì lé kúrò ní Zaria ló tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n sì yọ̀ǹda orúkọ náà nígbà tí ìjọba ń kọ́ olú ìlú tuntun. Apá B nìyẹn, lẹ́nu ọ̀nà yín. Òfin ológun kẹfà ti 3 February 1976 ló dá olú ìlú sílẹ̀, ìjọba sì kó kúrò ní Èkó ní 12 December 1991. Apá D nìyẹn.

Bí ẹ bá ń lọ sílé gba Lokoja, ẹ sọ fún ọmọ pé níbẹ̀ ni wọ́n ti rẹ àsíá Royal Niger Company sílẹ̀ tí wọ́n sì fa ti Gẹ̀ẹ́sì sókè ní 1 January 1900. Kó há ìrìnàjò olú ìlú Àríwá sórí bí orúkọ ibùdókọ̀: Lokoja, Jebba, Zungeru, Kaduna. Zungeru yìí, ní ìpínlẹ̀ Niger, ni wọ́n ti bí Azikiwe ní 1904. Ìlú Nok, tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí ère amọ̀ ní 1928, wà ní gúúsù Kaduna. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos sì ní púpọ̀ nínú àwọn ère náà. Ọmọ tó bá fojú rí ère Nok kan kò ní pè é ní ti Igbo Ukwu mọ́: amọ̀ ni Nok, idẹ ni Igbo Ukwu.

Àwọn ará àfonífojì Odò Ọya àti Bẹ́núè pẹ̀lú, ìyẹn Nupe, Igala, Ebira, Idoma, Tiv, Jukun, ọ̀rẹ́ kíláàsì ọmọ yín ni wọ́n. Kó béèrè oyè ọba wọn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀: Etsu ni ti Nupe, Attah ni ti Igala, Aku Uka ni ti Jukun.

Oṣù mẹ́ta ló kù. Báwo ni kí n ṣe pín in?

Wákàtí kan lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ti tó fún Hísítìrì nìkan. Ọ̀sẹ̀ kìíní: ka sílábọ́ọ̀sì láti òkè délẹ̀, fi bírò pupa sàmì sí ohun tí o kò gbọ́ rí. Ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkarùn-ún fún A àti B. Ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ fún C, torí òun ló wúwo jù. Ìkẹsàn-án fún D, ìkẹwàá àti ìkọkànlá fún E. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, má ka ohun tuntun. Ìbéèrè 40 lójúmọ́ ni, pẹ̀lú aago.

Ìbéèrè ọdún àtẹ̀yìnwá dára, àmọ́ bí ọmọ ṣe ń lò ó ni kò dára. Ẹni tó há lẹ́tà sórí (“5 jẹ́ C”) kò kọ́ nǹkan kan. Fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kọ ìdí tí mẹ́ta tó kù fi ṣubú. Bí ìdáhùn bá jẹ́ 1914, tí wọ́n fi 1900, 1906 àti 1922 sí i, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. O ti dáhùn ìbéèrè mẹ́rin nìyẹn. Mọ̀ pẹ̀lú pé ìdáhùn tó wà lẹ́yìn àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà lójú títì máa ń ní àṣìṣe. Bí tìrẹ àti tiwọn kò bá dọ́gba, ìwé ẹ̀kọ́ ni kó ṣe onídàájọ́.

Mo mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n àkókò máa ń tán mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan bí a bá pín in dọ́gba. Má pín in dọ́gba. Hísítìrì kò ní ìṣirò, kò ní àyọkà gígùn. O mọ̀ ọ́n tàbí o kò mọ̀ ọ́n. Fún un ní 20 ìṣẹ́jú, fún English ní 45, fún méjì tó kù ní 25, 25. Ìṣẹ́jú márùn-ún á ṣẹ́kù fún àtúnyẹ̀wò. Kò sí pé wọ́n ń yọ máàkì fún ìdáhùn tó ṣì, nítorí náà má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ ní òfìfo.

Bí mouse kọ̀ǹpútà bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, fi í sílẹ̀. Bọ́tìnnì mẹ́jọ ló tó láti fi ṣe gbogbo ìdánwò náà: A, B, C, D láti dáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ (submit), R láti yí ìpinnu S padà. Fi wọ́n dánra wò nílé. Ọmọ tó ń wá S kiri nígbà tó fẹ́ tẹ A ti rí wàhálà.

Kí ló máa ń bàjẹ́ nígbà ìforúkọsílẹ̀?

Orúkọ. Láti orí nọ́ńbà fóònù ọmọ, ẹ kọ NIN, ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà 11 náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Kóòdù ìforúkọsílẹ̀ yóò wọlé, orúkọ tó bá sì wà lórí NIN ni yóò bá a wá. Bí NIN bá ní “Seun”, tí WAEC ní “Oluwaseun”, tàbí tí orúkọ bàbá di orúkọ àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, lẹ ó ti tún un ṣe, kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Àtúnṣe yìí lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nọ́ńbà fóònù kan fún ọmọ kan ni. Ẹ má lo ti ẹ̀gbọ́n tó ṣe JAMB lọ́dún tó kọjá, ẹ má sì jẹ́ kí káàdì náà sọnù, torí orí rẹ̀ ni èsì yóò ti wá. Ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 16.

Ìka ọwọ́ náà wà ńbẹ̀. Làálì tó bo orí ìka lè jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ̀ láti dá a mọ̀, nítorí náà bí ìgbéyàwó tàbí Iléyá bá súnmọ́ ọjọ́ ìdánwò, kí ọmọbìnrin fi làálì mọ sí àtẹ́lẹwọ́.

Ìlú tí ọmọ ti máa ṣe ìdánwò, ẹ yan èyí tó rọrùn láti dé láàárọ̀. Ẹni tó ń gbé Mararaba mọ bí ọ̀nà Nyanya ṣe ń rí ní aago méje.

Ọmọ mi fẹ́ lọ sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Ṣé ìdánwò Hísítìrì kan wà fún un?

SAT (ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì Amẹ́ríkà) tó dá lórí Hísítìrì nìkan ti kásẹ̀ nílẹ̀. College Board, àjọ tó ń ṣe é, pa á rẹ́ ní 2021. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta ìwé rẹ̀ fún yín ní Wuse, ìwé àtijọ́ ni. Ohun tó kù ni AP (Advanced Placement), ìdánwò mìíràn tí College Board ń ṣe. AP World History: Modern bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1200, wọ́n sì ń fi máàkì 1 sí 5 wọ̀n ọ́n. Ó ní àròkọ tí wọ́n ń fún ọmọ ní ìwé ẹ̀rí méje láti fi gbè é lẹ́sẹ̀. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti yan A sí D nìkan yóò nílò oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, láti kọ́ bí a ṣe ń kọ irú àròkọ bẹ́ẹ̀.

Bí JAMB kò bá dára ńkọ́?

Èsì náà kò kọjá ọdún kan, ẹ óò tún un ṣe. Ọ̀nà mìíràn ni IJMB, ìdánwò mìíràn fún wíwọ yunifásítì, tí Ahmadu Bello University, Zaria ń bójú tó. Hísítìrì wà lára iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá yege ń gba Direct Entry wọ 200 level. Àròkọ ló pọ̀ níbẹ̀.

Kí ni kí n mú dání lọ́jọ́ ìdánwò?

Slip tí o tẹ̀ jáde, àti pẹ́ńsù HB. Fi fóònù, aago ọwọ́, bírò àti ẹ̀rọ ìṣirò sílé. Wọn kì í gbà wọ́n wọlé, ibi ìtọ́jú ẹrù lẹ́nu géètì kò sì ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Lọ wo sẹ́ńtà náà ní ọjọ́ kan ṣáájú, nítorí orúkọ tó wà lórí slip lè má jẹ́ orúkọ tí àwọn ọlọ́kadà mọ̀ ọ́n sí.